Ata Díndín Tó Dé Jíddà

Iṣẹ́ tí mo fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, ìròyìn kóòtù ni mo sì ń kọ: ẹni tó jí ewúrẹ́, ẹni tó na ìyá ọkọ rẹ̀, ẹni tó ta ilẹ̀ kan fún èèyàn rẹpẹtẹ. Ìgbà náà ni obìnrin tó ń kọ ojú ìwé oúnjẹ relé ọkọ ní Ìbàdàn. Ọ̀gá wa, olóòtú, ọkùnrin kúkúrú tí kì í rẹ́rìn-ín, wò wá yíká, ojú rẹ̀ sì bà lé mi. Ó ní, "Ìwọ tí ikùn rẹ máa ń ṣáájú rẹ wọlé yìí, ìwọ ni wàá máa kọ nípa oúnjẹ àti ohun mímu." Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Odindi ọkùnrin, kí n máa kọ nípa ẹ̀fọ́! Bí wọ́n bá bi bàbá mi ní Ọ̀yọ́ pé iṣẹ́ wo ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe ní Èkó, kí ni kó wí?

Okokomaiko là ń gbé, yàrá méjì àti kíṣìnnì kékeré kan lẹ́yìnkùlé. Ìyá onílé wa, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni, opó ni, ìyá Mùsùlùmí tí ohùn rẹ̀ ń dé títì bó bá ń kí èèyàn kú àárọ̀. Akọ̀wé ló ń pè mí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ọ̀jọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, Nọ́ọ̀sì náà ni mo sì ń pè é nínú ilé, ìbáà ṣe nínú ìfẹ́, ìbáà ṣe nínú ìjà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. A bí ọmọbìnrin kan, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi.

Ẹmu ni mo kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, torí òun nìkan ni mo mọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Baba ẹlẹ́mu kan wà ní Ìbà, Ègùn ni, ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ inú àbàtà ló ń tà, kò sì jẹ́ da ọ̀kan mọ́ èkejì láéláé. Mo kọ ọ́ pé ẹmu òwúrọ̀ ń bá èèyàn ṣeré, ti ọ̀sán ń bá èèyàn jà, èyí tó bá sì di ọjọ́ kejì, kí a gbé e fún ọ̀tá. Mo kọ ọ́ pé ògùrọ̀ máa ń ní òórùn ẹrẹ̀ díẹ̀ nídìí, àti pé ẹni tí kò bá gbóòórùn yẹn, omi ni wọ́n bù fún un. Inú mi dùn sí ohun tí mo kọ. Àwọn obìnrin tó ń kàwé ìròyìn wa kò gbà. Wọ́n ní, ṣé ẹmu ni àwọn fẹ́ sè fún ọkọ àwọn ni?

Nígbà tí mo ka èsì wọn fún Nọ́ọ̀sì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti kọ́ gbogbo ayé ní ọtí mímu tán, ó wá ku oúnjẹ." Láti ọjọ́ náà, bó bá ń dáná, mo máa ń gbé àga sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, òun á máa sọ, èmi á máa kọ. Orúkọ mi ló ń jáde nínú ìwé ìròyìn. Òun ló mọ̀ ọ́n. Bí mo bá kọ ọ́ pé iyọ̀ á wọ̀ ọ́ níwọ̀n, á ní, "Níwọ̀n ti ta ni? Ẹ wo ọwọ́ mi." Mo sì máa ń wo ọwọ́ rẹ̀, bóyá mo tilẹ̀ ń wò ó ju bí iṣẹ́ ṣe béèrè lọ.

Ìgbà tó yá ni ìlú le. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà láyé nígbà ṣáàpù, tí ìjọba ológun sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, mi ò ní láti ṣàlàyé. Owó oṣù kò tó nǹkan kan mọ́, àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Saudi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fi aṣọ àti rédíò ránṣẹ́ sílé. A ti ra ilẹ̀ kékeré kan ní Ìbà, a ti gbé ìpìlẹ̀, koríko ti bo ìpìlẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gba Nọ́ọ̀sì tiwa náà níṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Jíddà. Ọdún méjì ni wọ́n ní. A jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, a sọ ọ́ síwá sẹ́yìn, gbogbo ibi tí a bá sọ ọ́ sí, orí owó ló ń bà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ. Ní pápákọ̀ òfurufú, ó di ọmọ mọ́ra, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ebi pa ọmọ mi o." Èmi, tí mi ò lè se omi kó hó dáadáa!

Ẹ gbà mí. Mo sun ìrẹsì níná, ó dúdú nísàlẹ̀, ó tutù lókè. Mo se ẹ̀wà títí ọmọ fi sùn lọ lórí àga kí ó tó rọ̀. Búrẹ́dì la fi ń gbéra, àárọ̀ búrẹ́dì, alẹ́ búrẹ́dì, títí ọmọ fi ní òun ò jẹ búrẹ́dì mọ́ láyé òun. Ní ọ́fíìsì pàápàá, nǹkan ò dáa. Mi ò rí nǹkan kọ, mo tún padà sídìí ẹmu, ọ̀gá wa sì jù ú padà sí mi lójú. Ó ní, "Ṣé ọ̀mùtí ni gbogbo òǹkàwé wa ni?"

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ dé. Nọ́ọ̀sì kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ sójà ní báráàkì Ọ̀jọ́ ló mú un bọ̀ láti Jíddà. Mo fi sínú rédíò tí a rà ní Alaba, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa. Ó kí mi, ó kí ọmọ, ó kí ìyá onílé, ó kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó dúró sí àárín àgbàlá. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ gbé rédíò yìí lọ sí kíṣìnnì." Mo gbé e lọ. Ó ní, "Ẹ ra ewùrà tó dúró dáadáa. Ìkọ́kọrẹ́ la fẹ́ sè."

Báyìí ni mo ṣe kọ́ oúnjẹ sísè lọ́wọ́ ohùn. Mo rin ewùrà, mo rin ìka mọ́ ọn. Òun á ní, "Ẹ da epo sí omi tó ń hó yẹn, ẹ kó ata, ẹja gbígbẹ àti edé sí i," èmi á sáré tẹ rédíò kó dúró, màá wá epo, màá wá edé, màá tún tẹ̀ ẹ́. Òun á ní, "Ẹ máa bu ewùrà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ dé e. Ẹ má rò ó o! Mo mọ̀ yín. Ẹ má tíì rò ó." Ọwọ́ mi á sì ti wà lára ṣíbí. Báwo ló ṣe mọ̀? Mo dúró síbẹ̀ nínú èéfín, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan bí wèrè, ojú mi sì ń ṣomi, ẹ jẹ́ ká ní ata ni.

Nígbà tí epo ti yí gbogbo ojú ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára rédíò náà, kì í tètè dúró mọ́. Iná kì í sí, bátìrì la fi ń lò ó, bí bátìrì bá sì ti fẹ́ kú, ohùn ìyàwó mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, á máa falẹ̀, títí yóò fi dà bí ohùn ìjòyè. Ọmọ wa kórìíra rẹ̀ púpọ̀. Á bú sẹ́kún, á ní kí n tún Mọ́mì ṣe. Màá yọ bátìrì, màá sá a sí oòrùn lórí fèrèsé, tó bá di ìrọ̀lẹ́, Mọ́mì á ti yá. Ọmọ náà máa ń dá kásẹ́ẹ̀tì lóhùn. Bí Mọ́mì bá ní, "Ṣé ọmọ mi ń jẹun?" á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Á dúró, á máa retí kí wọ́n dá òun náà lóhùn, kásẹ́ẹ̀tì á sì ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà.

Ìyá onílé yọjú lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Akọ̀wé, ta lò ń bá jà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ìyàwó mi ni, mà."

"Ṣebí Jíddà ni ìyàwó rẹ wà?"

"Inú rédíò ló wà."

Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Yéè! Ọkùnrin ń se ìkọ́kọrẹ́, obìnrin ń ti ilẹ̀ Lárúbáwá pàṣẹ fún un. Ayé mà ti dé o!" Mo rò pé á lọ. Kò lọ. Ó gbé àpótí, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá kásẹ́ẹ̀tì jiyàn. Bí ìyàwó mi bá ní kí a bọ edé kí a tó dà á sí i, á ní, "Irọ́ ni! Edé Ọ̀jọ́ wa, a kì í bọ ọ́. Àwọn Ìjẹ̀bú ló ń fi ìwà ahun se oúnjẹ." Mo máa ń fẹ́ kí Nọ́ọ̀sì gbọ́, kó lè dá a lóhùn, nítorí mo mọ ohun tí yóò sọ gan-an.

Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, mo di ọ̀gá. Mi ò purọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé ìròyìn wa torí ojú ìwé mi. Ní Ìyànà-Ìbà, àwọn ìyá tó ń ta nǹkan létí ọ̀nà á ní, "Ẹ wo bàbá oúnjẹ!" Mo mọ ọjọ́ tí ẹja tútù ń wọ etí omi ní Ọ̀jọ́, mo mọ ẹni tí epo rẹ̀ kò lábùlà ní Ajangbadi, mo mọ ìyàwó sójà tó ń se ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́ nínú ọjà báráàkì, tí èèyàn á máa lá a bí ẹni tó jẹ̀bi. Ọ̀gá wa tí kì í rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe ń kọ ọ́ tí itọ́ fi ń dà lẹ́nu ẹni tó ń kà á. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé ìyàwó mi ni mò ń kọ? Bí mo bá kọ bí wọ́n ṣe ń bó edé tútù, ìka rẹ̀ ni mò ń rí. Bí mo bá kọ nípa ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná díẹ̀díẹ̀, ìdúró rẹ̀ ni, bó ṣe máa ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Gbogbo ohun tí mo kọ nígbà náà, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Tí nọ́ọ̀sì báráàkì bá sì ń padà lọ sí Jíddà, mo máa ń gé àwọn ojú ìwé náà, màá fi ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀gá wa rán mi lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Èkó nígbà kan, níbi tí àwọn tó ń kó wáìnì wọ̀lú ti pe àwa oníwèé ìròyìn. Mo wọ ẹ̀wù kóòtù. Wọ́n da wáìnì pupa sínú gíláàsì, ó kéré bí oògùn ọmọdé. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì fi imú gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbé e yí nínú ẹnu, wọ́n sì tu ú sínú garawa. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọtí tó gba orí òkun wá láti ilẹ̀ Faransé, ẹ ń tu ú dà nù! Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò nìyẹn, kí ó má baà pa èèyàn. Èmi gbé tèmi mì. Ó ń fún ahọ́n pọ̀ bí ìgbà tí a bá jẹ orógbó, ó sì ní òórùn igi. Nígbà tí mo délé, mo kọ ọ́ pé kò burú, pé ògùrọ̀ Ìbà lè bá a jókòó sórí tábìlì kan náà láìtijú. Ohun tí mi ò kọ ni pé mo mọ ara mi lára àwọn tó ń tu wáìnì dà nù yẹn. Ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò tí kò gbọdọ̀ gbé e mì, ó mọ adùn rẹ̀, kò lè yó láé. Bí èmi àti kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń gbé nìyẹn.

Ọdún méjì pé, ó tún buwọ́ lùwé fún ọdún méjì míì. Ó ní kí a kúkú kan ilé Ìbà yẹn lórùlé ní kíá. Mo ní kò burú. Èyí náà tún ń parí lọ. Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ránṣẹ́ síra wa, kò sí èyí tí a kò ti sọ pé àlàáfíà ni a wà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tó bá wà lájò, ire nìkan là ń rán sí i. Kí ló máa fi ọ̀rọ̀ ilé ṣe níbi tí kò ti lè ṣe nǹkan kan sí i? Nígbà tí èéyi mú ọmọ wa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ, mo ní àlàáfíà ni a wà. Òun náà, bó bá ń sọ̀rọ̀ lọ tí ohùn rẹ̀ bá fẹ́ yí padà, màá gbọ́ "kẹ́," á ti pa rédíò tó fi ń gba ohùn, nígbà tí yóò bá fi tún bẹ̀rẹ̀, ohùn á ti tòrò. Ó ní àlàáfíà ni òun wà.

Ọdún yẹn ni ìyá onílé ń lọ sí Mẹ́kà. Gbogbo ilé ń yọ̀. Inú mi dùn fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara mi ló jẹ mí lógún. Ẹni tí yóò gba Jíddà kọjá, tí yóò fi ojú rí ìyàwó mi nìyí! Mo fẹ́ kó sọ fún un pé kó máa bọ̀, kó má tún buwọ́ lùwé mọ́, pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo wá dé iwájú ìyá náà, ẹnu mi kọ̀. Báwo ni ọkùnrin ṣe máa dúró níwájú ìyá àgbàlagbà, ìyá tó tó bí i lọ́mọ, kó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi pé mi ò lè sùn mọ́"? Ó kọjá agbára mi.

Mo wá sọ pé kí n fi ohun tí mo mọ̀ ránṣẹ́. Mo dín ata. Mo ra rodo àti tàtàṣé tó pọ́n yòò ní Ajangbadi, mo ra edé Ọ̀jọ́, mo sá a sí oòrùn títí ó fi gbẹ, mo lọ̀ ọ́ kúnná. Ata tó máa la òkun kọjá kò gbọdọ̀ ní omi lára, bí ó bá ní, á bà jẹ́ kó tó débẹ̀. Mo jókòó tì í látàárọ̀, mò ń rò ó lórí iná kékeré, títí omi fi gbẹ pátápátá, tí òróró léfòó, tí ata sì dúdú díẹ̀ létí bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló kọ́ mi. Mo rọ ọ́ sínú ìgò ńlá, mo dé e pinpin, mo gbé e fún ìyá onílé kó bá mi fún un. Mo dájú, mo fi orí mi búra fún ara mi, pé bí ata yìí bá ti kan ahọ́n rẹ̀, kíá ló máa mọ̀ pé mo ní kó bọ̀.

Nígbà tí Ìyá dé láti Mẹ́kà, Àlhájà tuntun, eyín wúrà ń dán lẹ́nu, gbogbo wa rọ́ lọ kí i. Mo dúró títí àwọn èrò fi tú. Ó fún mi ní dàbínù àti omi sámúsámù, ó ní, "Akọ̀wé, mo rí ìyàwó rẹ o! Ó wá bá mi. Ó fi búrẹ́dì jẹ ata rẹ níṣojú mi. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Ó ní, 'Ìyá, ṣé wọ́n ń jẹun báyìí ní tòótọ́?' Mo ní, ta ló ń jẹun tó wọn! Mo ní Akọ̀wé ti sanra, ọmọ ń tàn bí epo, gbogbo àdúgbò ló ń gbóòórùn ọbẹ̀ wọn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ló ti ń ba òun, pé bó bá rí báyìí, kò sí wàhálà, òun á kúkú tún buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀kan sí i kí òrùlé lè parí."

Mo gbàgbé ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìyá, ta ló ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀? Ta ló rán yín?"

Ó wò mí, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n sọ, Akọ̀wé? O ò rán mi ní ọ̀rọ̀ kankan. Ata lo fún mi. Ṣé ata ń sọ̀rọ̀ ni?" Nígbà tó rí ojú mi, ó fa ohùn wálẹ̀. Ó ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àmọ́ ẹni tí wọn ò bá sọ fún pé ilé ti ń jò ńkọ́?"

Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo mú àwọn ojú ìwé tí mo ti kọ látẹ̀yìn wá, mo ń kà wọ́n bí ẹni tó wà ní Jíddà. Gbogbo rẹ̀ ń dán fún epo. Ọbẹ̀ ń hó, ẹja ń dùn, ẹmu ń ru. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i pé ebi ń pa ẹni tó kọ ọ́. Ọkọ tó ń gbádùn ara rẹ̀ ló wà nínú ìwé náà, èmi fúnra mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jowú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ Àlhájà, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kásẹ́ẹ̀tì sínú rédíò. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kí ọ lónìí. Àlàáfíà kọ́ ni mo wà. Ata tí o jẹ yẹn, mi ò dín in kí o lè mọ̀ pé mo mọ ata á dín. Mo ní kí o máa bọ̀ ni. Ilé Ìbà yẹn, bí kò bá lórùlé títí ayé, kó wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ ti ga dé àyà mi. Inú fọ́tò ló ti ń rí ojú rẹ. Ìkọ́kọrẹ́ mi ti dára ju ti ìyá rẹ lọ, mi ò sì fẹ́ ẹ, mi ò fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́. Àárò rẹ ń sọ mí. Ó ń sọ mí gan-an ni. Jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé." Ohùn mi yí padà níbẹ̀, mi ò sì tẹ̀ ẹ́ kó dúró. Mo jẹ́ kó gbà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ náà, kò sí ojú ìwé oúnjẹ nínú ìwé ìròyìn wa, ọ̀gá wa bú mi, mo jẹ́ kó bú mi.

Nọ́ọ̀sì báráàkì ló mú un lọ. Ó pẹ́ kí èsì tó dé, ó pẹ́ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara mi pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì náà dé, kò kí ẹnikẹ́ni. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Mo ti ń dúró dè yín kí ẹ sọ ọ́. Mò ń bọ̀." Kò sí nǹkan míì. Mo jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì náà yí títí dé òpin, bóyá á tún sọ nǹkan, mo sì yí ẹ̀yìn rẹ̀, mo tún gbọ́ òfìfo yẹn tán.

Ó dé. Ó sanra díẹ̀, awọ rẹ̀ mọ́ sí i, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Mo fẹ́ gbé e, ojú àwọn aládùúgbò ò jẹ́. Ọmọ wa jáde láti inú yàrá, ó wọ aṣọ ọdún rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, orókún méjèèjì, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Bí ẹni tó ń kí àlejò ìyá onílé. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ ìyàwó mi lára. Ó gbé e dìde, ó dì mọ́ ọn, ọmọ náà dúró gbọingbọin ní àyà rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ náà, bí ìyá rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ọmọ á wá sí ẹ̀yìn kọ́tìnì, á dúró, á máa fetí sí ohùn rẹ̀. Bí ìyá bá yọjú, á sá lọ. Kò pè é ní nǹkan kan. Tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, "ẹ jọ̀ọ́ mà" ló ń wí. Ohùn ló mọ̀; ara tó gbé ohùn náà wá ló ń ṣe àjèjì sí i. Inú mi bà jẹ́. Mo ti rò pé bó bá ṣáà ti délé, ó tán.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ dáná. Mo ní kó sinmi. Ó ní, "Ẹ kúrò lójú ọ̀nà fún mi." Mo kúrò. Èmi àti ọmọ jókòó sídìí tábìlì bí àlejò, à ń gbọ́ ìró ìkòkò. Ó gbé ọbẹ̀ ẹja wá, ó gbé ìrẹsì wá, ó jókòó kọjú sí wa, ó ń wo ẹnu mi. Mo tọ́ ọ wò. Kò níyọ̀. Kò níyọ̀ rárá! Ẹnu rẹ̀ ti bá oúnjẹ ọsibítù mu jù. Mo gbé e mì, mo tún bu òmíràn. Ọmọ wa tọ́ tirẹ̀ wò, ó wò mí, ó fẹ́ lanu, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tábìlì.

Ìyàwó mi rí i. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ sọ ọ́. Ẹ má tún fi àlàáfíà pa mí. Kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, kò níyọ̀."

Ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ nǹkan kan láti pa. Ó dìde, ó ní òun ń lọ mú iyọ̀. À ń gbọ́ ọ nínú kíṣìnnì. Ó ṣí agolo kan, ó dé e. Ó ṣí òmíràn, ó dé e. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo nǹkan ibẹ̀, èmi ni mo tò ó. Ó tún ṣí agolo mìíràn, ó wá dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ó dúró sí àárín kíṣìnnì náà ni, kò mọ ibi tí yóò yà sí, kò sì fẹ́ bi wá. Mo ti fẹ́ dìde lọ fi hàn án.

Ọmọ wa ni mo gbọ́. Kò gbé ojú kúrò lórí àwo rẹ̀. Ó kàn gbé ohùn sókè bí ọmọ tó ń gbé nílé ìyá rẹ̀ látọjọ́ tó ti dáyé.

Ó ní, "Mọ́mì! Ó wà lẹ́yìn mílíìkì."